Wúfà mọ́tò Ẹ̀gbọ́n tó di ti pálọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e wá láàárọ̀ Sátidé kan, wọ́n fi tówẹ̀lì wé e bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, wọ́n gbé e ka orí tábìlì iṣẹ́ mi ní Ìjọ̀kà, l'Ákúrẹ́ níbí, wọ́n ní "Wò ó, nǹkan yìí ti kú, ṣá bá mi wò ó bóyá ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀." Mo tú tówẹ̀lì. Wúfà mọ́tò ni, sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì, íńṣì 12, oní-kọ́ìlì méjì, ohm 4 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí kọ́ìlì ṣe ń dènà iná tó), mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n sì kọ 1000W gàdàgbà sí i lára. Mo fi ìka mẹ́rin tẹ kóònù ẹ̀, ojú ẹ̀ tó máa ń mì, wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọlé, ó padà, kò há níbì kan, kò sì ha bíi ti èyí tí kọ́ìlì ẹ̀ ti jóná. Mo fi mítà sí kọ́ìlì kìíní, 3.6. Mo fi sí ìkejì, 3.6, bí kọ́ìlì ohm 4 tó pé ṣe máa ń kà lórí mítà nìyẹn. Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ.

Mo ní "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yìí ò kú o, kí lẹ gbé e sí tẹ́ ẹ fi ní ó kú?"

Ẹ ẹ́ rí i, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ṣì ní Camry wọn, kò sẹ́ni tí kì í mọ̀ tí wọ́n bá ń bọ̀. Wọn ò tíì yà wọ àdúgbò tí géètì onílé á ti máa gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, tí bẹntiróòlù di nǹkan tí wọ́n ń fi ojú inú rà, wọ́n fara dà á títí, wọ́n tà á. Ẹni tó ra mọ́tò ní ámpù ni òun fẹ́, kò ní í sanwó bí ámpù ò bá bá mọ́tò lọ, Ẹ̀gbọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n wúfà ni kò ní í rí gbà, wọ́n tú u. Wọ́n ra ámpù ilé tókunbọ̀ kan, wáàtì 60 lójú kan, wọ́n ní kí Bàbá Káfíńtà tó wà lọ́nà Ọ̀dà kan àpótí fún wọn, riwáyà tó ń bá wọn wo mọ́tò tẹ́lẹ̀ wá so wáyà, wọ́n tan án. Ó dún bí ìṣẹ́jú kan, ámpù kú, iná pupa "protect" tàn. Wọ́n pa á, wọ́n tan án padà, bákan náà ni. Tí wọ́n bá wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ débi tí kò fi ní í kú, ohun tó ń jáde, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi, "àfi bí ìgbà tẹ́nì kan ń gúnyán nílé kẹta." Orin yòówù kí wọ́n fi sí i, iyán kan náà ni.

Mo tẹ̀lé wọn lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a dá wúfà padà sínú àpótí ẹ̀, a so wáyà ẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Wáyà ni mo kọ́kọ́ wò, torí iná pupa yẹn ti ń bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó débẹ̀. Riwáyà ti so kọ́ìlì méjèèjì pa pọ̀, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù, mítà kà 1.8. Ohm 4 méjì tí wọ́n bá jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyẹn, ohm 2 ni wọ́n ń dà. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ẹ̀yìn ámpù kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n kà á, 6 sí 16 ohm. Ámpù tó ti kọ ọ́ sẹ́yìn ara ẹ̀ pé òun ò gbé ohun tó bá kéré sí 6, wọ́n wá gbé 2 kọ́ ọ lọ́rùn, iná tó máa fà á ju agbára ẹ̀ lọ, ó sì gbọ́n, ó ń pa ara ẹ̀ kó tó jóná. Mi ò bá riwáyà wí o. Nínú mọ́tò, ohun tó ṣe yẹn gan-an ló tọ̀nà, torí fóòtì 12 péré ni ámpù mọ́tò ń jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ṣe kó lè gbé ohm 2, ibẹ̀ gan-an ni agbára wọn ti ń jáde. Ọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ mọ́tò fún ámpù ilé, òun nìyẹn.

Mo tú u, mo so wọ́n tẹ̀ léra: pọ́sítíìfù ámpù lọ sí pọ́sítíìfù kọ́ìlì kìíní, nẹ́gétíìfù kọ́ìlì kìíní lọ bá pọ́sítíìfù ìkejì, nẹ́gétíìfù ìkejì padà sí ámpù. Mítà kà 7.2, ohm 8 tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Ibí yìí ló máa ń gbé èèyàn ṣubú jù, torí tó o bá fi àṣìṣe yí kọ́ìlì kan sódì, ọ̀kan á máa tì í síwájú, ìkejì á máa fà á sẹ́yìn, kóònù ò ní í mira, wàá sì lọ búra pé wúfà ti kú. Kò sí ẹ̀rọ ńlá kan tá a fi ń mọ̀ ọ́n. Bátìrì rìmóòtù kan ṣoṣo, fóòtì 1.5, mo fi wáyà méjèèjì kàn án fẹ̀ẹ́rẹ́, kóònù sún síwájú díẹ̀ pẹ́rẹ́, ó dúró síbẹ̀ títí mo fi yọ bátìrì kúrò. Ká ní ọ̀kan wà sódì ni, kò ní í sún rárá.

A tan ámpù, kò kú mọ́. Ẹ̀gbọ́n ti dìde pé àwọn fẹ́ jó. Ṣùgbọ́n iyán ṣì ń gún.

Mo wá yíjú sí àpótí. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, Bàbá Káfíńtà kì í ṣe oníṣẹ́ gbàrọgùdù, bẹ́ẹ̀dì tí mò ń sùn lé lórí, àwọn ló kàn án, ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ kò tíì dún kẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kàn fún Ẹ̀gbọ́n ni. Pláìwúùdù mílímítà 12, ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn, méjì ní ìbú, méjì ní gíga, ìṣó lásán, kò sí gọ́ọ̀mù nínú ẹ̀. Tó o bá fi egungun ìka kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, á dá ẹ lóhùn bí ìlù. Ihò iwájú ńkọ́? Wọ́n gbọ́ pé wúfà íńṣì 12 ni, wọ́n fa téèpù, íńṣì 12 géérégé ni wọ́n gé. Ó dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu àbí? Ṣùgbọ́n 12 yẹn, orúkọ ni, fírémù òde ló ń sọ̀rọ̀ bá, ihò tó yẹ kó wà lára pákó jẹ́ bíi íńṣì 11, ti eléyìí sẹ̀ǹtímítà 28. Bí wọ́n ṣe gbé wúfà sí i, etí ẹ̀ ò rí nǹkan gidi jókòó lé, nínú skúrù mẹ́jọ, mẹ́ta ló rí igi mú, márùn-ún yòókù ń bẹ nínú afẹ́fẹ́. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ sí etí ẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ mi lọ́wọ́ bíi fáànù. Atẹ́gùn yẹn ni béèsì tí Ẹ̀gbọ́n ń wá.

Lẹ́yìn àpótí, ihò méjì tún wà níbẹ̀, íńṣì mẹ́rin mẹ́rin. Mo pe Bàbá lórí fóònù, mo kí wọn dáadáa, mo ní "Bàbá, ihò ẹ̀yìn yìí ńkọ́ sà?" Wọ́n ní "Ó gbọ́dọ̀ mí kẹ̀! Ṣé ìwọ ò rí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Òótọ́ ni, àpótí tó ń mí wà. Ṣùgbọ́n ihò yẹn kì í ṣe fèrèsé. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò mínírà tó ti ṣófo wò, ohùn kan ṣoṣo ló máa fun, ìgò ńlá á fun nísàlẹ̀, kékeré á fun lókè, tẹ́ ẹ bá gun ọrùn ẹ̀ ohùn á tún wálẹ̀ sí i. Ìgò ni àpótí náà. Mo ṣírò tiwọn lórí fóònù: nǹkan bíi lítà 190 nínú, ihò méjì, kò sí páìpù lọ́rùn ẹ̀, ohùn tó ń fun bọ́ sí àyíká 50 Hz, ìyẹn kí nǹkan gbọ̀n nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Béèsì yòówù tó bá ti sún mọ́ 50 á gbá a mú á máa ké, èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀, kóònù á kàn máa fì sọ́tùn-ún sósì láìsí nǹkan tó dì í mú lẹ́yìn. Iyán tí wọ́n ń gún nílé kẹta, 50 Hz ni orúkọ ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá béèrè ohun tó dára, mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an. Wọ́n ní "Ṣebí nínú mọ́tò, àpótí tó wà nínú búùtù ò tó ìdajì eléyìí, tó sì ń kó jìnnìjìnnì bá èèyàn, ṣé ńlá kọ́ ló yẹ kó dáa jù?" Mo ní mọ́tò fúnra ẹ̀ ló ń bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́. Inú mọ́tò tó gùn tó mítà 2.7, láti bíi 64 Hz wálẹ̀, ìgbì ohùn ti gùn ju kó ráyè na ẹsẹ̀ níbẹ̀ lọ, wúfà wá ń fún gbogbo afẹ́fẹ́ inú mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń fún bọ́ọ̀lù, bí béèsì bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni ariwo ń pọ̀ sí i, ó lè tó dB 12 (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) ní gbogbo ìgbà tí Hz bá já sí ìdajì. Àpótí dídí pa ẹ̀wẹ̀, dB 12 yẹn náà ló fi ń relẹ̀ tó bá ti lọ sísàlẹ̀. Ọ̀kan ń gbé e sókè, ọ̀kan ń gbé e wálẹ̀, ó dọ́gba, ìdí tí mọ́tò fi ń dùn nìyẹn. Pálọ̀ tó ní lúfà mẹ́ta àti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ta ló fẹ́ bá yín gbé e? Nítorí náà àpótí pálọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju ti búùtù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó níye, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kàn kọ́ yàrá kejì fún un.

Iye yẹn, inú ìwé wúfà ló wà, orí fóònù ni mo ti rí tiwọn. Ọmọ Ọsirélíà kan, Neville Thiele, ló là á sílẹ̀ ní 1961, Richard Small tẹ̀ síwájú nídìí ẹ̀ ní Sydney láàárín àwọn ọdún 1970, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe àwọn nọ́ńbà náà títí dòní. Mẹ́ta ni mo nílò. Fs, ìyẹn Hz tí wúfà fúnra ẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbọ̀n sí láìsí àpótí, ti Ẹ̀gbọ́n jẹ́ 30. Qts, ìyẹn bó ṣe lè kó ara ẹ̀ níjàánu tó, 0.5. Vas, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí líle ẹ̀ bá ti rọ́bà òun àti ìdè ẹ̀yìn kóònù dọ́gba, lítà 50. Tó o bá wá ṣe àpótí dídí pa tí inú ẹ̀ jẹ́ lítà 50 gẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ inú àpótí àti ara wúfà dọ́gba ní líle nìyẹn, 0.5 á di 0.707, Fs 30 á gòkè di 42. 0.707 yẹn ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń wá, kò ní í ké, kò sì ní í gbẹ. Ihò mímí tó péye lè wọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ o, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ìwọ̀n pé pérépéré, èmi ò sì fẹ́ bá Bàbá jà lórí páìpù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo mú páálí MDF mílímítà 18 kan, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé e fún mi níbi tí mo ti rà á, torí ayùn ọwọ́ ò lè gé e tọ́ bẹ́ẹ̀. Iwájú àti ẹ̀yìn, sẹ̀ǹtímítà 45.6 sí 45.6. Òkè àti ìsàlẹ̀, 45.6 sí 31. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 42 sí 31. Inú ẹ̀ á jẹ́ 42 sí 42 sí 31, bíi lítà 54.7, ara wúfà á gba bíi mẹ́ta níbẹ̀, igi tí mo fi dè é láàárín á gba bíi méjì, ó ku 50 yẹn. Èèyàn púpọ̀ máa ń gbàgbé yọ ohun tó wà nínú àpótí kúrò nínú àpótí, wọ́n á wá máa wá ibi tí lítà wọn wọlé sí.

Òjò Àkúrẹ́ ò bi wá kó tó rọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi gbé wọn, tapólì ò bo ẹ̀gbẹ́ kan, kí n tó dé ọ̀nà Ọ̀dà, etí pákó ìsàlẹ̀ ti mu omi, ó wú bíi búrẹ́dì inú tíì. MDF ò ṣeé fi tọrọ gáfárà lọ́wọ́ omi, tó bá ti wú kì í padà. Mo gé òmíì lára èyí tó ṣẹ́ kù.

Bàbá Káfíńtà ló kàn án, mo dúró tì wọ́n. Wọ́n rí pépà tí mo ya, wọ́n wò mí lókè wò mí nísàlẹ̀, wọ́n ní "Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ̀ ń wọn afẹ́fẹ́." Ṣùgbọ́n nígbà tó délẹ̀, ọwọ́ àgbà yàtọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun ni wọ́n fi sí gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé, wọ́n lu ihò tín-ín-rín kí skúrù tó wọlé kí MDF má baà là, wọ́n fi aṣọ tútù nu gọ́ọ̀mù tó yọ síta. Ihò wúfà, wọ́n kan ìṣó sáàárín, wọ́n so okùn mọ́ pẹ́ńsù, wọ́n ní kí n sọ iye tí mo fẹ́, mo ní 14 láti àárín, wọ́n yí i kan báyìí, wọ́n fi jígísọ̀ọ̀ tẹ̀ lé ìlà. Wúfà wọ ibẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Mo fi sílíkónù tọ gbogbo igun inú, mo sì fi àpótí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí òórùn kíkan yẹn tó tán nínú ẹ̀, n kì í de wúfà mọ́ sílíkónù tútù, èéfín ẹ̀ ò dáa fún kóònù àti rọ́bà. Òwú fáíbà inú ìrọ̀rí àtijọ́ kan ni mo tú sínú, kò dí, ó kàn fẹ́ẹ́lẹ́ lára ògiri ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí àpótí ṣe bíi pé ó tóbi díẹ̀ jù bó ṣe wà lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ti kọ́ìlì ẹ̀fọn. A gbé e dé pálọ̀, mo fi ohùn 30 Hz kan sí i látorí fóònù, kò lọ sókè jù, mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, mo ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ojú ìpàdé pákó. Èéfín ń gòkè tààrà bí okùn. Òkè, tààrà. Ẹ̀gbẹ́, tààrà. Mo dé ẹ̀yìn níbi tí wáyà ti jáde, èéfín já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó sọ́tùn-ún sósì. Ihò wáyà, tí ò ju ìka ọmọdé lọ, òun ni mo gbàgbé. Mo dí i.

Mo tún fi bọ́ọ̀dù low pass kékeré kan, èyí tó ń jẹ́ kí béèsì nìkan kọjá, sáàárín tẹlifíṣọ̀n àti ámpù, mo gbé e sí 80 Hz. Nínú mọ́tò, ámpù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra ẹ̀, ti ilé ò ní in, ohùn akọrin pátá ló ń kó lọ sínú wúfà, ó máa ń dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu.

Ó wá ku ká tan án. A tan án, àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ, etí ò gbọ́ ọ dáadáa. Ojú Ẹ̀gbọ́n ti ń yí padà. Wọ́n ní wáàtì 60 ló kéré, wúfà 1000 ni. Ẹ má dá nọ́ńbà ẹ̀yìn mágínẹ́ẹ̀tì yẹn lóhùn jàre, ibi tó lè dé kó tó jóná ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ pé ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dB 3 péré lẹ máa rí, 60 di 240, dB 6. Pálọ̀ ló fa tiwọn. Ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 12, ìyẹn mítà 4.27 sí 3.66, ohùn tó bá gígùn ẹ̀ mu jẹ́ bíi 40 Hz, ti ìbú ẹ̀ bíi 47. Ọ̀gangan àárín ògiri tó gùn, lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ni a gbé wúfà sí torí pé ibẹ̀ ló wuni, ọ̀gangan àárín yẹn gan-an sì ni wúfà ò ti lè ta 40 Hz yẹn jí.

Mo gbé àpótí ka orí àga tí Ẹ̀gbọ́n máa ń jókòó sí, mo fi orin sí i, mo kúnlẹ̀, mo ń rákò yí pálọ̀ ká, etí mi nílẹ̀, mò ń wá ibi tí béèsì ti dún jù. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n jáde láti kíṣìnì. Wọn kì í pè mí lórúkọ, Ọ̀gá Onílù ni wọ́n sọ mí látìgbà tí wọ́n ti wọlé wá. Wọ́n dúró, wọ́n gbé ọmọrogùn dání, wọ́n ní "Ọ̀gá Onílù, ṣé owó yín ló bọ́ ni?" Mo ní béèsì ni mò ń wá. Wọ́n ní "Ẹ wo abẹ́ fìríìjì."

Wọ́n ò jìnnà sóòótọ́ o. Igun ẹ̀gbẹ́ fìríìjì ló ti dún jù. A gbé wúfà lọ síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n padà sórí àga wọn, mo tún orin bẹ̀rẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Gìtá béèsì ń rìn lọ, o lè ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlù ń já síbi tó yẹ kó já sí, kò sí iyán mọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ohun kan ń han lókè, ṣì-ì-ì, lúfà ni, gíláàsì méjì tí kò dì dáadáa, mo ká pépà há a. Àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù náà ń bá a kọrin, ìyẹn ò kàn mí, ti Ìyàwó nìyẹn.

Mọ́tò ṣì jù ú lọ nísàlẹ̀ pátápátá o, n kò ní í purọ́, ohun tó máa ń mi àyà yẹn ò pé bíi ti Camry. Ẹ̀gbọ́n mọ̀, wọ́n ní kò burú, àwọn ò sì ń ra epo mọ́.

Bàbá Káfíńtà gba pépà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn, ẹnì kan ti lọ bá wọn láti Alágbàká pé kí wọ́n kan irú ẹ̀ fún òun, mo sì ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ pè mí, torí wúfà ti ẹni yẹn kì í ṣe ti Ẹ̀gbọ́n, lítà ẹ̀ á yàtọ̀. Àpótí àkọ́kọ́, Ìyàwó ti gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, àlùbọ́sà ni wọ́n ń kó sí i. Wọ́n ní ihò méjì ẹ̀yìn yẹn ò jẹ́ kó rà.